Noble Johnson, òṣèré tó ṣe gbogbo ẹ̀yà ní Hollywood: báwo ló ṣe yẹ kí á wo iṣẹ́ rẹ̀?

Àkànní Asinimá

Mo kí gbogbo ilé o. Òṣèré kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fojú rí láìmọ orúkọ rẹ̀. Noble Johnson ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ti wo King Kong ti ọdún 1933, òun ni olóyè erékùṣù náà tó dá ijó dúró nígbà tó tajú kán rí àwọn àlejò. Bí ẹ bá ti wo The Mummy ti ọdún 1932, òun ni ìránṣẹ́ ará Núbíà tí agbára òkú ayé àtijọ́ tó jí dìde, èyí tí Boris Karloff ṣe, mú lẹ́rú. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn fíìmù ayé àtijọ́ tí kò ní ohùn yóò ti rí i nínú The Thief of Bagdad ti ọdún 1924, níbi tó ti ṣe ọmọ ọba Íńdíà tó wá fẹ́ ọmọ ọba Bagdad.

Ìlú Marshall ní ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n ti bí i ní oṣù kẹrin ọdún 1881, ṣùgbọ́n Colorado Springs ló ti dàgbà. Iṣẹ́ ẹṣin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ń kọ́ wọn, ó ń tọ́jú wọn, òun náà sì mọ ẹṣin lò dáadáa láti kékeré. Ìlú yẹn kan náà ni Lon Chaney, tí òkìkí rẹ̀ kàn lẹ́yìn náà nítorí oríṣiríṣi ojú tó ń yí padà sí, ti ṣe kékeré, àwọn méjèèjì sì mọra nílé ìwé. Ní nǹkan bí ọdún 1914, ilé-iṣẹ́ Lubin láti Philadelphia wá ya fíìmù ní Colorado, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wọn sì farapa. Ẹni tó lè kápá ẹṣin ni wọ́n ń wá, ni wọ́n bá mú Johnson. Ẹ wo bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀: ipa àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ọkùnrin aláwọ̀ dúdú yìí, ipa ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni.

Láti ìgbà náà títí di ọdún 1950, fíìmù tó ti fara hàn lé ní ọgọ́rùn-ún dáadáa. Wọ́n fi í ṣe ará Íńdíà, wọ́n fi í ṣe Lárúbáwá, wọ́n fi í ṣe ará Ṣáínà, wọ́n fi í ṣe ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, àní wọ́n fi í ṣe ará Rọ́ṣíà. Òun ni Friday nínú eré alápá púpọ̀ tí wọ́n ṣe nípa Robinson Crusoe ní 1922, òun ni Uncle Tom nínú Topsy and Eva ní 1927, òun náà sì ni Queequeg nínú Moby Dick ti ọdún 1930. Nínú The Four Horsemen of the Apocalypse ti ọdún 1921, fíìmù tó gbé òṣèré Rudolph Valentino ga, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́rin inú Ìwé Ìfihàn ni wọ́n fi ṣe, èyí tí wọ́n pè ní Ìṣẹ́gun.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà ló dá Lincoln Motion Picture Company sílẹ̀ ní 1916, òun àti George àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ó wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú ní fúnra wọn, ìdí tí wọ́n sì fi dá a sílẹ̀ ni kí wọ́n lè fi aláwọ̀ dúdú hàn bí ọmọ ènìyàn tó pé. Ní 1918, ó kúrò níbẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó. Lójú tèmi, ènìyàn kò lè sọ ìtàn apá kan kí ó fi apá kejì sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe fún wọn ló bọ́ iṣẹ́ tó ṣe fún ara rẹ̀, òun náà ló sì pa á. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ rò.

Ọmọ Ìlú ní Houston

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làákàyè. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ọkùnrin yìí bí inú yín ṣe dùn sí i. Nínú The Navigator ti Buster Keaton ní 1924, kí ni wọ́n fi í ṣe? Olórí àwọn tó ń jẹ ènìyàn ni. Nínú King Kong, wọ́n ní kó fi obìnrin mẹ́fà ṣe pàṣípààrọ̀ fún obìnrin Òyìnbó kan ṣoṣo. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ni àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun fi mọ̀ wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa tí à ń gbé níhìn-ín ṣì ń rí ìṣẹ́kù rẹ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa ilé wa lọ́wọ́ wa.

Òṣèré tí kò ní ọ̀nà mìíràn, mo lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n Johnson ti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ó sì ti ṣe é. Ẹni tó ti ní oko tirẹ̀, kí ló dé tó fi padà lọ ṣe lébìrà lóko olóko?

Tíṣà Fọlákẹ́

Àbúrò mi ní Houston, ìbéèrè rẹ dára, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dá ọ lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ Lincoln yìí ni mo ti kà jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀.

Ní 1915 ni D. W. Griffith gbé The Birth of a Nation jáde. Àwọn Òyìnbó tó kun ojú wọn dúdú ló fi ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú tó burú jù nínú rẹ̀, ó sì sọ Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ Òyìnbó tó ń fi ìwà ipá halẹ̀ mọ́ aláwọ̀ dúdú, di akọni. NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, fẹ̀hónú hàn ní ìlú lóríṣiríṣi, síbẹ̀ fíìmù náà pa owó rẹpẹtẹ. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Lincoln bẹ̀rẹ̀. Noble ni ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, Clarence Brooks ni akọ̀wé, dókítà kan tó ń jẹ́ James T. Smith sì wà lára àwọn tó fi owó àti orúkọ rẹ̀ sí i. Ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ Òyìnbó láàrin wọn ni Harry Gant, ẹni tó ń di kámẹ́rà mú.

Fíìmù àkọ́kọ́ wọn ni The Realization of a Negro's Ambition. Noble fúnra rẹ̀ ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, James Burton, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé ẹ̀rọ jáde ní Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní Alabama, tó fi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀, tó sì gba California lọ wá iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹṣin gbé kẹ̀kẹ́ sáré tagbáratagbára pẹ̀lú ọmọbìnrin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà nínú rẹ̀, Burton sì gbà á là. Ẹ rántí pé ẹni tó ń ṣe eré yìí mọ ẹṣin. Wọ́n fún un níṣẹ́. Níbi iṣẹ́ ló ti ṣàkíyèsí pé bí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa epo ṣe rí ni ilẹ̀ oko bàbá òun rí. Ó padà sílé, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, epo jáde, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin tó fi sílẹ̀ nílé nígbà tó ń lọ. Ó lè dà bí ìtàn kékeré lójú wa lónìí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1916, aláwọ̀ dúdú tó kàwé, tó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ rí epo, tó sì jẹ́ olówó orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí i lójú fíìmù.

Èkejì ni Trooper of Troop K, tó dá lórí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kẹwàá, àwọn tó jà ní Carrizal ní Mẹ́síkò ní oṣù kẹfà ọdún 1916. Noble ló ṣe Joe, ọ̀lẹ tí ogun sọ di akọni. Ẹ̀kẹta ni The Law of Nature ní 1917.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. George kò sí ní California rárá. Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska ló wà, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀, ìgbà tó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé ló ń kọ lẹ́tà sí àwọn onílé sinimá, sí àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú, sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí ilé ìwé, kí wọ́n lè gba fíìmù náà wọlé. Ibi tí aláwọ̀ dúdú ti ń wo fíìmù nìkan ni wọ́n ti lè rí ọjà tà, àwọn ibi wọ̀nyẹn kò sì pọ̀. Ẹ̀dà fíìmù tí wọ́n ní kò tó nǹkan. Ó di dandan kí ó kúrò ní ìlú kan kí ó tó dé òmíràn. Láti ibo ni owó fíìmù tó kàn yóò ti wá? Láti inú owó tí Noble ń gbà lọ́dọ̀ Universal, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá ti àwọn Òyìnbó, níbi tó ti ń ṣe eré alápá púpọ̀ bíi The Bull's Eye, tí Eddie Polo jẹ́ olú òṣèré rẹ̀. Àbúrò mi, owó oko olóko náà ni wọ́n fi ń ra irúgbìn oko tirẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. Gẹ́gẹ́ bí George ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn náà, àwọn onílé sinimá ní àdúgbò aláwọ̀ dúdú a máa gbé orúkọ àti àwòrán Noble sókè, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ wo fíìmù Lincoln dípò ti Universal. Universal wá ní kí ó yan ọ̀kan. Bó bá yan Lincoln, owó tó ń gbé Lincoln dúró ti lọ nìyẹn. Bó bá yan Universal, Lincoln pàdánù òṣèré rẹ̀. Ó yan Universal. N kò mọ ẹni tó wà ní ipò yẹn tí ìpinnu náà kò ní dùn dé egungun.

Bàyọ̀ Oníkámẹ́rà

Ẹ ṣeun, Màmá Fọlákẹ́. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un nípa bó ṣe ṣeé ṣe kí ọkùnrin kan ṣoṣo ṣe ẹ̀yà tó tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kámẹ́rà ni iṣẹ́ mi.

Fíìmù tí wọ́n ń lò nínú kámẹ́rà nígbà náà kì í rí àwọ̀ pupa rárá. Àwọ̀ búlúù a funfun lójú rẹ̀, pupa a sì dúdú. Nítorí náà, kò sí ara ẹnikẹ́ni tó ń jáde bó ṣe rí gan-an; àtíkè àti ìmọ́lẹ̀ ló ń pinnu bí ojú òṣèré yóò ṣe mọ́ tó tàbí ṣókùnkùn tó. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún 1930 pé ni fíìmù tó ń rí gbogbo àwọ̀ gbòde káàkiri, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ dúdú àti funfun. Johnson kò dúdú púpọ̀ fúnra rẹ̀, ó ga, igbá àyà rẹ̀ gbòòrò, egungun ojú rẹ̀ sì yọ dáadáa, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ máa ń fẹ́ràn. Ẹni tó bá ń kun ojú ní ilé-iṣẹ́ fíìmù lè mú ojú yẹn lọ síbikíbi tó bá fẹ́.

Ohun tó yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀ ni pé àtíkè kì í ṣe eré. Bí ènìyàn bá to àwọn ipa rẹ̀ síwájú ara wọn, yóò rí i pé ìrìn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ọrùn wọn kò sì dúró bákan náà.

Ọmọ Ìlú ní Houston

Màmá, mo dúpẹ́ gidigidi. Ọ̀rọ̀ owó yẹn yí ojú ìwòye mi padà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1918, n kò sì ní pè é ní ọ̀dàlẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ohun méjì ṣì kù lọ́kàn mi. Èkíní, kí ló dé tí kò padà sí Lincoln nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti tóbi sí i? Èkejì, bí ìdí tó fi gba iṣẹ́ wọ̀nyẹn bá tilẹ̀ dára, ìpalára tí àwòrán náà ṣe kò dín kù. Ọmọdé tó wo King Kong kò mọ̀ pé ẹni tó wọ ìyẹ́ lórí yẹn ni ààrẹ ilé-iṣẹ́ fíìmù nígbà kan rí.

Àkànní Asinimá

Òótọ́ lo sọ lórí èkejì, n kò sì ní bá ọ jiyàn pé àwòrán náà kò ṣe ìpalára. Ó ṣe é.

Lórí èkíní: kò pẹ́ tí Lincoln fi dópin. Wọ́n ṣe A Man's Duty ní 1919 àti By Right of Birth ní 1921, Clarence Brooks ló sì bọ́ sí ipò òṣèré tí Noble fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1923 ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Kò sí ibi tí yóò padà sí. Brooks yìí kan náà ló wá ṣe dókítà aláwọ̀ dúdú nínú Arrowsmith ti John Ford ní 1931, ọkùnrin tó wọ aṣọ rẹ̀ dáadáa, tó ń bá dókítà Òyìnbó sọ̀rọ̀ bí ẹlẹgbẹ́. Irú ipa bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà náà débi pé mo ṣì ń yà á sọ́tọ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá ń ka ìtàn àkókò yẹn, inú mi sì dùn pé ọwọ́ ẹni tó ti Lincoln wá ló bọ́ sí.

Jẹ́ kí n wá sọ nípa olóyè inú King Kong, nítorí pé ó yẹ kí á wo ohun tí òṣèré náà ṣe pẹ̀lú ohun búburú tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ijó ń lọ, ìlù ń dún, àwọn Òyìnbó sì ń yọjú láti ẹ̀yìn igbó pẹ̀lú kámẹ́rà wọn. Ó rí wọn. Kò pariwo kíákíá, kò sì sáré. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Max Steiner, ẹni tó kọ orin fíìmù náà, fi orin tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan ni orin náà gbé e pẹ̀lú rẹ̀. Bí òṣèré náà bá rìn bí ẹni tí kò níyì, orin yẹn ìbá ti di ẹ̀fẹ̀. Kò di ẹ̀fẹ̀. Ọkùnrin tó ń bọ̀ yẹn mọ̀ pé ìlú òun ni òun wà, pé àwọn àlejò wọ̀nyí wọlé láìtọrọ àyè, ó sì rìn bí ẹni tó fẹ́ béèrè ìdí. Àwọn tó kọ ìtàn náà kò kọ ọba, ṣùgbọ́n òun rìn bí ọba.

Màmá Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé The Most Dangerous Game ti ọdún 1932, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti yà mí lẹ́nu jù. Ivan ni wọ́n pè é níbẹ̀, ará Cossack láti Rọ́ṣíà, ìránṣẹ́ ọlọ́lá burúkú kan tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣe ẹran ọdẹ. Wọ́n kun ojú rẹ̀ funfun, wọ́n fi irùngbọ̀n ńlá sí i. Nígbà tí gbogbo Hollywood kún fún Òyìnbó tó ń kun ojú dúdú, aláwọ̀ dúdú kan wà láàrin wọn tó ń ṣe Òyìnbó, àwọn ènìyàn sì wò ó láìfura.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé Ivan kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó rẹ́rìn-ín fún àlejò, ó sì fi ipá yọ ẹ̀rín jáde, ẹ̀rín tó le lójú rẹ̀ bí igi. Lẹ́yìn náà ni mo wá ronú nípa àwọn ipa rẹ̀ yòókù láti ìgbà tí ohùn ti wọ fíìmù. Olóyè inú King Kong ń sọ èdè tí wọ́n hun fún un. Ará Núbíà inú The Mummy fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ ohunkóhun. Nínú The Ghost Breakers ti ọdún 1940, òkú tó ń rìn ni wọ́n fi í ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n fẹ́ ara rẹ̀, wọ́n fẹ́ ojú rẹ̀, wọn kò fẹ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ṣe báyìí sí ṣì ń rí iṣẹ́ fún ọdún márùndínlógójì. Kí ẹ sọ ohun tó bá wù yín nípa rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Bàyọ̀ Oníkámẹ́rà

Màmá, òtítọ́ lẹ sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ́. Wọ́n gba ohùn rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìlú ní Houston

Mo ti gbọ́ o. Mo fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀ fúnra mi ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò? Ṣé mo lè rí àwọn ti Lincoln wò, pàápàá èyí tó dá lórí epo rọ̀bì yẹn?

Tíṣà Fọlákẹ́

Ó dùn mí láti sọ fún ọ pé o kò lè rí i. Fíìmù Lincoln mẹ́ta tí Noble ṣe, kò sí ọ̀kankan tó kù. Fíìmù ayé ìgbà náà máa ń tètè bàjẹ́, ó máa ń gbiná wọ́ọ́, ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ kékeré sì ní kò pọ̀ tó pé ọ̀kan yóò ṣẹ́ kù. Gbogbo ohun tó kù nínú iṣẹ́ Lincoln ni ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú By Right of Birth, Noble kò sì sí níbẹ̀ nítorí pé ó ti kúrò. Àwọn fíìmù tó ti ṣe ará Íńdíà wà, àwọn tó ti ṣe ará Rọ́ṣíà wà, ṣùgbọ́n James Burton, ọmọ Tuskegee, ti lọ.

A mọ ìtàn inú wọn nítorí George. Ó kó lẹ́tà, ìwé ìpolówó, àwòrán àti àgékù ìwé ìròyìn jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo rẹ̀ sì wà ní ibi ìpamọ́ ìwé yunifásítì UCLA ní Los Angeles. Noble kò kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ. Lẹ́yìn fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn ní 1950, ó lọ gbé jẹ́jẹ́, ó ń jẹ́ Mark Noble, ó sì kú ní Yucaipa ní California ní oṣù kìíní ọdún 1978, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 96. Bí o bá wá sí Los Angeles láti Houston, mo rọ̀ ọ́ kí o kọ̀wé sí ibi ìpamọ́ ìwé náà ṣáájú, kí wọ́n lè gbé àwọn àpótí náà jáde fún ọ.

Àkànní Asinimá

Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Most Dangerous Game, kí o sì wo King Kong tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ RKO ló ya méjèèjì, igbó kan náà tí wọ́n fi igi àti ewé kọ́ sínú ilé ni wọ́n lò, Ernest Schoedsack wà lára àwọn tó darí méjèèjì, Fay Wray sì wà nínú àwọn méjèèjì pẹ̀lú. Wo Ivan dáadáa, wo olóyè náà dáadáa, kí o sì sọ fún wa níbí bóyá o rí ènìyàn kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wá She Wore a Yellow Ribbon ti ọdún 1949, èyí tí John Ford yà ní Monument Valley, tó sì ní àwọ̀. Johnson ti lé ní ọmọ ọdún 65 nígbà náà, Red Shirt ni wọ́n fi í ṣe, ó sì ṣì jókòó lórí ẹṣin bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.